Awalẹ̀pìtàn Tó Di Ààrẹ: Kí Ni Tiwa Níbẹ̀?

  

Ọ̀rọ̀ kan wà tí í máa ń bẹ́ sílẹ̀ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní gbogbo ìgbà tí ìbò bá ti ń súnmọ́. Àwọn kan a ní kí òṣìṣẹ́ má ti ẹsẹ̀ bọ òṣèlú rárá, nítorí iṣẹ́ onírọ́ ni. Àwọn mìíràn a ní bí a bá ti lè rí ọ̀mọ̀wé kan tí ojú rẹ̀ là dáadáa, kí a kó gbogbo ìbò wa fún un, kí a sì lọ sùn. Èmi kò fara mọ́ ti àkọ́kọ́, n kò sì fara mọ́ ìkejì. Kí ó má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, mo fẹ́ fi ìgbésí ayé ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ fún yín. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níhìn-ín ni wọ́n ti bí i. Iṣẹ́ tó kọ́ kì í ṣe iṣẹ́ lọ́yà, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ṣọ́jà. Awalẹ̀pìtàn ni. Orúkọ rẹ̀ ni Alpha Oumar Konaré, ó sì jẹ Ààrẹ ilẹ̀ Mali fún ọdún mẹ́wàá gbáko, láti 1992 sí 2002.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé, kí ni wọ́n ń pè ní awalẹ̀pìtàn? Ẹni tí ń wa ilẹ̀ láti fi mọ ìtàn ni. Kì í wá wúrà, kì í wá dáyámọ́ńdì. Ṣọ́bìrì kékeré bí i ti bíríkìlà ló fi ń wa ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò. Bí ó bá kan àpáàdì, yóò wọn bí ó ti jìn tó nínú ilẹ̀, yóò kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ó bá kan eérú, tàbí ìdàrọ́ irin tí àwọn alágbẹ̀dẹ dà nù, yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ara ohun tí gbogbo ayé kà sí pàǹtírí ni yóò ti mọ ohun tí àwọn ará àtijọ́ jẹ, irú ilé tí wọ́n kọ́, àti ẹni tí wọ́n bá ṣòwò. Wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ògúndìran walẹ̀ ní agbègbè Ìlàrè, ó sì gbé ìwé jáde ní 2002 lórí ìtàn àdúgbò náà láti nǹkan bí ọdún 1200 títí di 1900.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Konaré. Ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 1946 ni wọ́n bí i ní ìlú Kayes, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Mali. Ìlú ọkọ̀ ojú irin ni Kayes, bí Òṣogbo ti rí nígbà tí rélùwéè ṣì ń gbérí. Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Dakar lọ sí Bamako nígbà náà, ibẹ̀ ló ń gbà. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin náà yanṣẹ́ lódì ní oṣù kẹwàá ọdún 1947. Wọn kò padà sẹ́nu iṣẹ́ títí di oṣù kẹta ọdún 1948. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún òṣìṣẹ́ ni, oṣù márùn-ún ó lé ni wọ́n sì fi dúró. Ohun tí wọ́n ń bèèrè kò ju pé kí òfin iṣẹ́ kan náà ká aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun. Àwọn obìnrin wọn ló ń wá oúnjẹ sí ilé ní gbogbo àkókò náà. Ọdún méjì péré ṣáájú rẹ̀, ní 1945, ni àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ti yanṣẹ́ lódì nítorí owó tí kò tó ọjà rà mọ́, tí Michael Imoudu, òṣìṣẹ́ rélùwéè, sì di akọni lójú gbogbo ènìyàn. Ìjà kan náà ni, èdè ọ̀gá ló yàtọ̀.

Konaré kàwé olùkọ́ ní Bamako, ìtàn àti ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé ló kọ́. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ilẹ̀ Poland, ní Yunifásítì Warsaw, láti 1971 sí 1975, níbi tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn. Nígbà tó padà sílé, wọ́n fi í ṣe olórí ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ológun ló ń ṣèjọba ní Mali nígbà náà. Moussa Traoré ti fi ipá gbàjọba láti 1968. Ní 1978 ó pe Konaré kí ó wá ṣe mínísítà fún ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́, eré ìdárayá àti àṣà. Konaré gbà. Àwọn kan bú u nígbà náà, n kò sì lè bá wọn wí, nítorí ẹni tó bá jókòó ti ìkòkò, èéfín rẹ̀ yóò kàn án. Ṣùgbọ́n ní 1980 ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mélòó nínú àwọn tiwa ló ti fi mọ́tò ìjọba sílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n lé e?

Kí ló wá ṣe nígbà tí kò sí nípò mọ́? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀. Kò jókòó sílé máa ráhùn. Ní 1983 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Jamana, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa tẹ ìwé àti láti máa gbé àṣà lárugẹ. Ní 1989 ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn kan, Les Échos, ní ìlú tí ó jẹ́ pé ohun tí ìjọba bá fẹ́ nìkan ni ìwé ìròyìn ń sọ. Ní ọdún 1989 yìí náà ni wọ́n fi í ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Ní 1990 ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ ADEMA sílẹ̀ láti bèèrè fún ìjọba tiwantiwa. Ẹ rí i pé ṣáájú kí ó tó ní ẹgbẹ́ òṣèlú, ó ti kọ́kọ́ ní ilé ìtẹ̀wé.

Nísinsìnyí, ta ló lé Traoré lọ? Bí ẹ bá gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu àwọn òyìnbó, ẹ óò gbọ́ pé àwọn ọ̀mọ̀wé àti ọ̀gá ṣọ́jà kan ló lé e. Òótọ́ díẹ̀ ni. Ní oṣù kẹta ọdún 1991 àwọn ọmọ ilé ìwé àti àwọn ìyá jáde sí ìgboro Bamako. Ní ọjọ́ kejìlélógún ni ṣọ́jà dá ìbọn bo wọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ Mali, tí wọ́n ń pè ní UNTM, pàṣẹ ìyanṣẹ́lódì gbogbogbò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ títí Traoré yóò fi lọ. Ilẹ̀ ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n kò tíì mọ́ tán tí àwọn ṣọ́jà, tí Amadou Toumani Touré ṣíwájú wọn, fi gbá a mú. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yìí kan náà, ìjọba ló ti ń darí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo ènìyàn sì ti rò pé kò lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ó sọ̀rọ̀.

Touré ṣe ohun tí kò wọ́pọ̀ láàárín ológun. Wọ́n pe àpérò gbogbo ilẹ̀, wọ́n kọ ìwé òfin tuntun, àwọn ará ìlú sì dìbò gbà á ní oṣù kìíní ọdún 1992. Ní oṣù kẹrin ni Konaré wọlé ìbò Ààrẹ, pẹ̀lú nǹkan bí 69 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ní ìpele kejì. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà ló gba ipò.

Ọ̀mọ̀wé dé orí àga. Ǹjẹ́ òṣìṣẹ́ wá jẹ ẹran bí? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ọdún kan kò tíì pé tí àwọn ọmọ ilé ìwé tó jà pẹ̀lú rẹ̀ fi tún jáde nítorí owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1993 wọ́n sun ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, olórí ìjọba rẹ̀ sì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìkejì náà lọ ní 1994. Ní oṣù kìíní ọdún 1994 yìí ni wọ́n gé iye owó CFA sí méjì ní gbogbo orílẹ̀-èdè tó ń ná an. Fúráńkì Faransé kan tí ó jẹ́ 50 CFA di 100 lóòjọ́. Àwọn ará wa ní Kútọnu àti Lomé jẹ nínú ìyà náà. Oògùn àti epo mọ́tò tó ti òkè òkun wá di ọ̀wọ́n lójijì, owó oṣù kò sì lè sáré bá ọjà. Àwọn àgbà wa tí wọ́n rí SAP ní 1986, nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú, yóò mọ ohun tí mò ń wí. Ìwé ìwalẹ̀pìtàn kò lè gba Konaré lọ́wọ́ àwọn ayánilówó.

Nígbà ìbò 1997 ẹ̀wẹ̀, wọ́n ṣe ètò ìbò náà lọ́nà tó burú tó bẹ́ẹ̀ tí ilé ẹjọ́ fi fagi lé ìbò àwọn aṣòfin. Àwọn ẹgbẹ́ alátakò tó pọ̀ jù lọ kọ̀, wọn kò du ipò Ààrẹ. Konaré wọlé pẹ̀lú ohun tó ju 95 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò lọ. Ẹni tó bá nìkan sáré, dandan ni kó ṣe ipò kìíní. Mo kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé bí a bá fẹ́ yin ènìyàn, kí a má fi irọ́ kún un.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó dára wà níbẹ̀. Ogun kan wà ní àríwá ilẹ̀ náà láàárín ìjọba àti àwọn Tuareg. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1996, wọ́n kó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìbọn jọ ní Timbuktu, wọ́n sì dáná sun wọ́n níṣojú gbogbo ayé. Ilé iṣẹ́ rédíò kéékèèké tí kì í ṣe ti ìjọba hù káàkiri, àgbẹ̀ sì ń gbọ́ ìròyìn ní èdè tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn bọ́ọ̀lù yóò rántí pé Mali ló gba ìdíje ife Áfíríkà lálejò ní 2002, níbi tí Nàìjíríà ti ṣe ipò kẹta. Ọdún yẹn ni sáà rẹ̀ kejì parí. Ìwé òfin ní sáà méjì péré ni, ó sì lọ. Kò wá ìkẹta. Kí ó tó lọ, ó foríji Traoré, ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ikú, tí wọ́n sì ti yí ìdájọ́ náà sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọmọ wọn kú ní 1991 kò dùn sí i, ó sì yé mi. Láti 2003 sí 2008 ni Konaré jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣe àkóso Ìṣọ̀kan Áfíríkà ní Addis Ababa.

Ohun kan ló wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú ìgbésí ayé ọkùnrin yìí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sì ti wá. Lẹ́bàá ìlú Djenné ní Mali, ìlú àtijọ́ kan wà lábẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Djenné-Djeno. Àwọn awalẹ̀pìtàn tó wà á láti 1977 rí i pé ènìyàn ti ń gbé ibẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 250 kí wọ́n tó bí Jésù. Kí Lárúbáwá tó dé, kí òyìnbó tó dé, àwọn aláwọ̀ dúdú ti ní ìlú, wọ́n ti ń rọ irin, wọ́n ti ń ṣòwò. Ṣùgbọ́n àwọn olè náà mọ̀ pé ère amọ̀ wà níbẹ̀. Lóru ni wọ́n ń wa ilẹ̀. Ẹni tó wà á gba owó kékeré, àwọn oníṣòwò gbé e kọjá ibodè, ẹni tó tà á ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sì di olówó. Nígbà ìjọba Konaré, Amẹ́ríkà ṣe òfin ní 1993 kí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ má baà wọ ilẹ̀ wọn, Mali sì ni orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tó rí èyí ṣe. Kódà, wọ́n fi ère àgbò kan tí wọ́n jí gbé ní Mali ta Ààrẹ Faransé, Jacques Chirac, lọ́rẹ ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ ní 1996. Nígbà tí àṣírí tú, ó dá a padà.

Ohun tó burú nínú olè yìí kì í ṣe owó nìkan. Bí ère bá ti kúrò nínú ilẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ ibi tí ó wà sílẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ ti bà jẹ́. Ó di ohun ẹ̀ṣọ́ lásán. A kò ní lè mọ ẹni tó ṣe é tàbí ìdí tó fi ṣe é mọ́ láéláé.

Ẹ̀yin ará mi, ǹjẹ́ ẹ kò rí i pé ọ̀rọ̀ tiwa gan-an nìyí? Mo ti bá àwọn àgbà kan jókòó tí wọ́n lo ọdún méjìlélógún nídìí ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí wọ́n mú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà wọ́n síṣẹ́ wá kí wọ́n tó gba gírátúítì. Ti ẹnì kan, ìkán ti jẹ ẹ́. Ti ẹlòmíràn, òjò ti pa á. Ẹ̀kẹta kò gba lẹ́tà kankan rí, ọ̀gá kàn ní kó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ni. A wá ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ ayé ìgbà náà kí a fi jẹ́rìí, ìwé náà ti sọnù. Òógùn ọdún méjìlélógún di ohun tí kò ní ẹ̀rí. Ẹni tó bá kó ìwé òṣìṣẹ́ nù, olè ilẹ̀ Djenné kò burú jù ú lọ.

Nítorí náà, èmi ní èrò mẹ́rin tí mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò.

Èkíní: kí a má kórìíra ọ̀mọ̀wé, kí a má sì bọ ọ́. Àwọn onítàn tiwa náà ti wọ ìjọba rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bánjí Akíntóyè, tó kọ̀wé lórí ogun Kírìjì, jẹ́ Sẹ́nẹ́tọ̀ láti 1979 sí 1983. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́, tí wọ́n bí ní Iléṣà wa níhìn-ín ní 1933, ṣe kọmíṣọ́nnà ní ayé ìjọba ológun. Ẹni tó mọ bí ayé ti rí lánàá wúlò ní ilé ìjọba. Ṣùgbọ́n kí a bi í léèrè: kí lo ti ṣe kí o tó wá bèèrè ìbò? Ǹjẹ́ o fi ipò kan sílẹ̀ rí nítorí òtítọ́? Ìjọ́ wo lo máa lọ?

Èkejì: kí ẹgbẹ́ má tú ara rẹ̀ ká sínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Àwọn òṣìṣẹ́ Mali ran ìjọba tuntun lọ́wọ́ láti dé, wọ́n sì dúró gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tí ó lè bá a jà nígbà tí ọjà wọ́n. Bí a bá kó gbogbo agbára wa fún ọ̀rẹ́ wa, kí ni a óò fi bá a sọ̀rọ̀ nígbà tó bá gbàgbé wa? Àkàbà kì í bá olówó gun àjà, ìsàlẹ̀ ni í dúró sí. Kí a má sọ ara wa di àkàbà.

Ẹ̀kẹta: kí ẹ̀ka wa ra àpótí onírin kan tí ó ní àgádágodo, kí a máa kó ìwé ìpàdé, orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, àti àdéhùn tí a bá àwọn ọ̀gá ṣe sí i. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ẹ̀dà lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀dà kan wà nílé, kí ọ̀kan wà níbẹ̀. Kí a yan ọ̀dọ́ méjì tí wọ́n lè kọ Yorùbá dáadáa, kí wọ́n lọ jókòó ti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó kú, kí wọ́n kọ ìtàn ìyanṣẹ́lódì wọn sílẹ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀.

Ẹ̀kẹrin, mo kọjú sí ẹ̀yin awakọ̀. Ohun àtijọ́ wà ní ilẹ̀ wa. Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ kò jìnnà sí Ọ̀tan-Ilé, àgbègbè ogun Kírìjì ni, ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò sì parí títí di 1893. Bí bíríkìlà bá ń wa ìpìlẹ̀ ilé tó kan ìkòkò àtijọ́ tàbí ìdàrọ́ irin, kí ó má fọ́ ọ. Kí ó ránṣẹ́ sí àfin, kí ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí Òṣogbo. Bí àlejò kan bá sì gbé ère onígi tàbí ti òkúta lé ọkọ̀ yín lóru, tó ní kí ẹ má bèèrè, ẹ bèèrè. Òfin ilẹ̀ wa ti 1979 kò fi àyè sílẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Owó ọkọ̀ ọjọ́ kan kò tó ohun tí a ó fi ta baba ńlá wa.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé, gbogbo iṣẹ́ Konaré náà ńkọ́, ṣé kò ti bà jẹ́? Òótọ́ ni pé ní 2012 ológun tún gbàjọba ní Mali, wọ́n sì tún gbà á ní 2020. Ní 2012 kan náà ni àwọn oníjàgídíjàgan wó ibojì àwọn ẹni mímọ́ ní Timbuktu. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e. Ní 2015 wọ́n ti tún àwọn ibojì náà kọ́, àwọn bíríkìlà ìlú náà ló sì kọ́ wọn, pẹ̀lú amọ̀ àti ọgbọ́n tí wọ́n jogún lọ́wọ́ baba wọn. Ní 2016 ilé ẹjọ́ àgbáyé sọ ọ̀kan nínú àwọn tó wó o sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́sàn-án. Ohun tí ó lè tún padà dìde ni ohun tí ẹnì kan ṣì rántí bí wọ́n ti ń ṣe é.

Ààrẹ a lọ, mínísítà a lọ, ọ̀gá ilé iṣẹ́ a kó ẹrù rẹ̀ lọ. Àwa la máa kù síbí. Ẹ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí a jọ sọ ọ̀rọ̀ àpótí onírin yìí, kí ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn sì wá sọ ìdí rẹ̀ lójú gbogbo wa. Akọ̀wé yóò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.

Aṣojú òṣìṣẹ́ yín